Mo Bá Àbúrò Mi Tọ́jú Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Rẹ̀

Àbúrò mi ló máa ń gẹ irun mi. Láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ tán, tó sì gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà Aramọkọ, kò sí ẹlòmíràn tó tún gbé ẹ̀rọ kan orí mi. Nígbà tí mo padà wálé láti inú igbó, tí òun kò padà, mo fi irun náà sílẹ̀ kó máa hù. Ìyá wa ní àwọn ènìyàn yóò máa rò pé orí mi ti dàrú. Mo ní kí wọ́n máa rò ó.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa igbó náà. Ẹni tí wọ́n bá ti jí gbé rí máa ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí kò mọ ẹni tó ń gbọ́. Ìwọ̀nba tí mo lè sọ nìyí. Àkókò fífọ́ kòkó ni. Àáró ni a fi ń ṣiṣẹ́ oko ní ẹbí wa: bí gbogbo wa bá lọ sí oko tèmi lónìí, a ó lọ sí tìrẹ lọ́la. Àbúrò mi ti fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bá a kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní àáró òun ló kàn, ó sì tẹ̀ lé mi lọ sí oko wa lápá Èrìò. Wọ́n mú àwa méjèèjì lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní kí èmi lọ bá ẹbí wa wá ohun tí àwọn ń béèrè, kí òun dúró. Ohun tí wọ́n béèrè dé ọwọ́ wọn. Àbúrò mi kò dé ọ̀dọ̀ wa. Nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń pè wá kò sì wọlé mọ́.

Fóònù rẹ̀ kò bá a lọ. Iná dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti pẹ́ tí iná ti dé gbẹ̀yìn, ló bá fi fóònù sílẹ̀ kó máa gba iná ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ìjerò kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló bá a tọ́jú fóònù náà. Nígbà tí mo tó lè jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Géèmù bọ́ọ̀lù kan wà nínú fóònù náà. Gbogbo ẹni tó ń wá gẹ irun ló mọ̀ ọ́n. Géèmù náà kì í jẹ́ kí o gbá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ; kóòṣì ni wọ́n fi ọ́ ṣe. Ìwọ ni yóò yan ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa jókòó síta, ẹni tí ẹgbẹ́ yóò rà àti ẹni tí yóò tà. Lẹ́yìn náà, wàá máa wò wọ́n bí ẹni tó ń wo òjò láti inú ilé. Àwọn yòókù máa ń mú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí a ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò mi lọ mú ẹgbẹ́ kan ní ìpele kẹrin, ní ìlú olótùútù kan tí kò sí ẹni tó lè pe orúkọ rẹ̀ já gaara nínú wa. Ó ní ẹni tó bá mú ẹgbẹ́ ńlá tó sì borí, kí ló ṣe? Ó wá ṣe ìlérí níwájú gbogbo àwọn oníbàárà pé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà bá wọ ìpele kìíní, ọ̀fẹ́ ni òun yóò gẹ irun gbogbo ẹni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ìlérí tó dára ni,” ọmọ Ìjerò wí. “Kó tó di ìgbà yẹn, gbogbo wa á ti pá lórí.”

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí géèmù náà, mo rí orúkọ àbúrò mi níbi tí wọ́n kọ kóòṣì sí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù náà. Mo kàn ń wo orúkọ náà ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí iṣẹ́ tí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ rán sí i: ẹgbẹ́ ti pẹ́ tí kò gbá bọ́ọ̀lù kankan, bí kóòṣì kò bá sì tètè ṣe nǹkan, àwọn yóò wá ẹlòmíràn. Mo gbé fóònù náà dání fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá wá ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò níbẹ̀. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lákòókò yẹn, n kì í lọ síbì kankan. Oko ti di igbó, mo sì ti sọ fún àwọn tó kù nínú àáró wa pé kí wọ́n má lọ síbẹ̀. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́yìnkùlé, màá dìde. Ibi tí ògiri wà lẹ́yìn mi, tí mo ti lè rí ẹnu ọ̀nà, ni mo máa ń jókòó sí. Mo pa ohùn géèmù náà, nítorí mo nílò etí mi fún ohun tó ń lọ níta. Nínú ìdákẹ́jẹ́ ni àwọn ènìyàn kéékèèké wọ̀nyẹn ti ń sáré lórí pápá, tí àwọn òǹwòran sì ń la ẹnu láìsí ariwo.

Bí a ṣe ń tọ́jú oko ẹni tí kò sí nílé ni mo ṣe ń tọ́jú ẹgbẹ́ náà. Bí àìsàn bá dá ẹnìkejì rẹ nínú àáró dúbúlẹ̀, tàbí tó rin ìrìn-àjò, ẹ ó máa bá a ro oko rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbin ohun tí kò gbìn. Ríro nìkan ni, kó lè bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí àbúrò mi yàn ni mo ń yàn. Ibi tó fi wọ́n sí ni mo fi wọ́n sí. N kò ra ẹnikẹ́ni, n kò ta ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ sì ń pàdánù.

Nígbà tí ẹ̀rù dín díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, nítorí kò jìnnà sí ilé wa, mo sì máa ń padà kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ Ìjerò na ọrùn láti ẹ̀yìn mi, ó ń wo fóònù náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Nọ́ḿbà Mẹ́sàn-án yìí kúrò. Orúnkún rẹ̀ ti di ti bàbá àgbà. Ó yẹ kó ti máa gba ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Àbúrò mi ló fi í síbẹ̀.”

“Ìgbà tó fi í síbẹ̀, ọmọkùnrin ni. Ọdún mélòó ti kọjá lórí wọn nínú nǹkan yìí? Géèmù kì í dúró de ènìyàn, Ẹ̀gbọ́n.”

Òótọ́ ló sọ. Níta, àsìkò òjò kan péré ló ti bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Nínú géèmù, ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn tí àbúrò mi mọ̀ ní géńdé ti ń gbó. Ẹgbẹ́ kan wá fi owó lọ̀ mí lórí Nọ́ḿbà Méje, wọ́n sì kọ iye tí wọ́n dá lé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ojú rẹ̀. Bọ́tìnnì méjì wà nísàlẹ̀: kí n gbà, tàbí kí n kọ̀. Mo pa fóònù náà.

“Kí ló dé?” ọmọ Ìjerò bi mí.

“N kò lè ta á.”

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ènìyàn. Àwòrán ni.”

“Àwọn tó mú wa náà kò pè wá ní ènìyàn.”

Ó gbọn irun kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tún dárúkọ títà fún mi mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá wa bá mi lórí àga níbi tí mo ti ń wo géèmù náà. Kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bó bá rí i. Ó tẹjú mọ́ fóònù náà.

“Ta ló kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀?”

“Òun fúnra rẹ̀ ni, Màmá. Ó ti pẹ́.”

Ó gba fóònù náà, ó gbé e sétí. Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà fún mi.

“Kò sọ nǹkan kan,” ó ní. “Má pa á o. Bó bá fẹ́ wá ulé, ibẹ̀ ni yóò pè.”

Bí ìyá wa ṣe ń dúró nìyẹn. Ti ìyàwó àbúrò mi yàtọ̀. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì fẹ́ jókòó.

“Bàbá, àlùfáà tún béèrè lọ́wọ́ mi. Olórí ẹbí náà ní àwọn kò lè sọ nǹkan kan, pé ẹ̀yin lẹ rí i gbẹ̀yìn. Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ṣé ìyàwó ni mí, àbí opó?”

“Ìyàwó, jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀ sí i.”

“Àwọn ènìyàn mi ní Ẹ̀fọ̀n ní kí n máa bọ̀ nílé. Bí mo bá lọ báyìí, wọ́n á ní mo sá fún ilé ọkọ. Bí mo bá sì dúró, ilé ta ni mo dúró sí? Àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ obìnrin kò mọ bí wọn yóò ṣe kí mi. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìkíni, wọ́n á dá a dúró lágbedeméjì.” Ó tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so. “N kò bá yín jà, Bàbá. Kí la ń dúró dè gan-an?”

Ohun tí mo ń dúró dè kò ṣe é sọ fún obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n. Mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn. Bí àbúrò mi bá wà láàyè, á ti dé kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ ìpele kìíní. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá wọ ibẹ̀ tí kò sì tíì dé, n ó sọ fún ẹbí pé kí wọ́n ṣe ètò ìdágbére. N kò mọ ìdí tí mo fi so ọ̀rọ̀ ńlá mọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo rò pé nítorí ìpele kìíní jìnnà ni.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń pàdánù kò ní pẹ́ lé kóòṣì lọ. Àwọn alákòóso tún ránṣẹ́, wọ́n ní ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. Mo wá rí i pé bí n kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, orúkọ rẹ̀ ni yóò kúrò níbẹ̀. Kí orúkọ lè dúró, àwọn tó yàn ní láti máa lọ.

Mo ronú kan oko. Bí oko kòkó bá gbó, a kì í gé gbogbo igi lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ àwọn àgbà igi ni a máa ń gbin ọmọ kòkó sí, kí ibòji wọn má jẹ́ kí oòrùn jó o. Ìgbà tí ọmọ bá tó so ni a tó ń gé àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù, tí àbúrò mi kò tíì fọwọ́ kàn. Mo fi ọ̀dọ́ kan sábẹ́ àgbà kọ̀ọ̀kan. Àgbà á bẹ̀rẹ̀ eré, ọ̀dọ́ á parí rẹ̀. Títí Nọ́ḿbà Mẹ́sàn-án fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ góòlù bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà. N kò ta ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni mo jẹ́ kí wọ́n gbó kí wọ́n sì máa lọ.

A kúrò ní ìpele kẹrin. A lo sáà díẹ̀ ní ìkẹta, a tún gòkè. Àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èsì kí wọ́n tó béèrè ẹni tó kàn lórí àga.

“Ṣé orí àwọn ọmọ wa pé lánàá?”

“Wọ́n gbá ọ̀mì.”

“Ọ̀mì pẹ̀lú irun Ẹ̀gbọ́n yìí? Ẹ̀rù irun yẹn nìkan tó kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn.”

Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ṣe ń gòkè ni ọjọ́ àdéhùn mi ń sún mọ́. Àwọn tí àbúrò mi yàn ti tán lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku Nọ́ḿbà Kìíní, kípà, ẹni tí ń ṣọ́ ilé. Kípà máa ń pẹ́ ju àwọn tó ń sáré lọ. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí n tó wo ohunkóhun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí sáà náà bá parí, yóò gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọ́. Sáà yẹn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í borí léraléra.

Mo rò ó pé kí n mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù. Bí a bá pàdánù díẹ̀, a ó dúró ní ìpele kejì, n kò ní sọ ohun tí mo ní láti sọ, ìyàwó á sì tún fara dà á. Mo kó àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbá jọ fún eré kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo rántí bó ṣe tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so láìwo ojú mi. Mo kó àwọn tó mọ̀ ọ́n padà sí pápá.

Ṣọ́ọ̀bù ni a ti gbá eré ìkẹyìn, lọ́sàn-án. Òjò ti dí ojú òkè lápá Ẹ̀fọ̀n, kò sí ẹni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé fóònù náà ti dígí kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ọ̀mì tó wa láti wọ ìpele kìíní. Bí wọ́n bá jẹ wá ní góòlù kan, ó parí.

“Kípà yìí ti darúgbó jù,” ẹnì kan wí.

“Ṣé ìwọ lo máa bá a wọlé?” ọmọ Ìjerò dá a lóhùn. “Pa ẹnu dé.”

Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó tán, ẹnì kan nínú wọn dá wà níwájú ilé wa, ó sì gbá a. Nọ́ḿbà Kìíní ṣubú lé bọ́ọ̀lù náà, ó sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Eré parí. Wọ́n pariwo ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan sì gbá mi lẹ́yìn. Lójú fóònù, wọ́n gbé ife jáde, wọ́n sì kọ orúkọ àbúrò mi sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ẹnì kan ṣí fìlà. Mo tẹ ìkéde tó tẹ̀ lé e: Nọ́ḿbà Kìíní ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó yàn, kò ku ẹnì kan.

Mo wo ojú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀, síbẹ̀ mo wò ó. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan ń fi ọ̀rá bo ata rẹ̀.

Ọmọ Ìjerò nu àga pẹ̀lú aṣọ. “Ó ti sọ pé ọ̀fẹ́ ni,” ó wí. “Ìlérí ṣọ́ọ̀bù ni, mo sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ṣíwájú.”

Mo jókòó sórí àga náà. Ó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn.

“Báwo ni ká ṣe igbó yìí? Ṣé ká gé e sílẹ̀ díẹ̀?”

“Fá a.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, fífá kẹ̀?”

“Fá a tán.”

Mo rí i nínú dígí nígbà tó yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí mi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, àgbà kì í fárí fún àbúrò. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ta ni yóò fá a? Ọmọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.”

Ó pa ẹ̀rọ tó gbé dání, ó ṣí àpótí ìsàlẹ̀, ó sì mú ti àbúrò mi jáde. Òun ló fi fá a. Irun náà ń já bọ́ sí itan mi, ewú pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo dìde, ẹni tó kàn kò jókòó. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá nígbà mìíràn.

Mo gbé fóònù náà padà síbi tí àbúrò mi fi í sí láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Iná ti lọ. Mo kàn fi okùn rẹ̀ bọ ihò ògiri bẹ́ẹ̀ náà.

Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo sábà máa ń gbà relé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo gba iwájú ilé rẹ̀. Ìyàwó wà lábẹ́ àtíbàbà níbi tó ti ń yan gàrí, ọmọ ń sùn lórí ẹní. Ó gbójú sókè láti kí mi, ó rí orí mi. Ìkíni náà dúró lágbedeméjì. Ó rọra gbé agbada kúrò lórí iná kí gàrí má baà jóná, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì tú gèlè rẹ̀.